Ogun 1917 nínú Flight Simulator II: ṣé wọ́n fi í pamọ́ ni, àbí àwa ni a kò rí ìwé rẹ̀ kà?

Olùfẹ́-Bàálù béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì gbà pé àárín yín ni mo ti lè rí ẹni tí yóò bá mi tú u. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a ní Flight Simulator II, ètò tí a fi ń wa bàálù lójú kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà Commodore 64. Ẹ̀dà tí ẹlòmíràn dà kọ fún wa ni. Kò ní páálí, kò ní àwòrán ilẹ̀, kò sì ní ìwé ìtọ́ni. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ìka ni mo fi wá a rí: n ó tẹ bọ́tìnnì kan, n ó wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, n ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan kí n má baà gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ ojú ewé tí a ti ń yí nọ́ńbà padà, níbi tí ènìyàn ti lè yan àkókò ọdún, kùrukùru àti afẹ́fẹ́, mo sì fi nọ́ńbà mìíràn sí àyè tó wà fún irú ìrìn tí ènìyàn fẹ́ rìn. Nígbà tí mo padà sínú bàálù, ìlú ńlá tí mo mọ̀ ti pòórá. Ilẹ̀ tó wà níwájú mi pín sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú ìwé ìṣirò, òkè dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà kan tó dà bí odò sì là á kọjá. Mo fò káàkiri, n kò rí nǹkan kan ṣe, mo bà sílẹ̀, mo sì pa kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé pápá ogun ni mo wà, pé ọ̀tá wà níbẹ̀, àti pé ìbọn pẹ̀lú bọ́ǹbù wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò tí mo ń wo òkè kiri.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí mo tún rí ètò náà, mo sì ń lò ó nínú ètò òde òní kan tó ń ṣe bíi Commodore 64 gan-an. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé wọ́n dìídì fi ogun yìí pamọ́ ni? Kí ló dé tí ètò tí wọ́n ṣe láti fi kọ́ ènìyàn ní bàálù wíwà, tí àwọn aago rẹ̀ jọ ti bàálù gidi, fi gba ogun sínú? Ṣé ètò mìíràn wà ní ayé ìgbà náà tó ní irú nǹkan báyìí? Ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń ja ogun náà tí a kò fi ní kú kí a tó ṣẹ́jú, kó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ.

Atúnṣe-Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dá mi lójú: wọn kò fi í pamọ́. Ìwé ni Flight Simulator II bá jáde, ìwé tó nípọn, èyí tó wà fún ìlò ètò náà àti èyí tó wà fún ìmọ̀ bí bàálù ṣe ń fò, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ́ sórí tábìlì. Ogun 1917 ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ìlò náà. Ohun tó sọ ọ́ di àdììtú fún ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé díìsìkì ni a máa ń dà kọ, a kì í da ìwé kọ. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yin àti ọ̀tá lọ́jọ́ tí ẹ sọ yẹn, ẹ kò kàn mọ̀ pé W ni.

Ní ti ìdí tí ogun fi wọ inú ètò alálàáfíà, èrò mi ni pé ẹ ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, ẹ ó sì rí ohun tí mo ń sọ bí a bá tọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bruce Artwick ló kọ ètò yìí. Ní ọdún 1975, nígbà tó wà ní Fásitì Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè dá lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa ya ohun tí awakọ̀ òfuurufú ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀, kí àwòrán náà sì máa yí bí bàálù ti ń yí. Ní 1977 ni iléeṣẹ́ rẹ̀, subLOGIC, bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1979 ń parí lọ tí 1980 ń wọlé, ètò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún Apple II, òun náà ni wọ́n ń pè ní FS1. Ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ju onígun mẹ́rin mẹ́fà ní ìbú àti mẹ́fà ní òró lọ, àwọn òkè kan sì wà níbẹ̀. Ìlà lásán ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ilé, kò sí títì.

Nínú ètò kékeré yẹn gan-an ni ogun ti wà. Orúkọ tí wọ́n fún un ni British Ace: ẹ di awakọ̀ ogun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, bàálù ọ̀tá wà lójú òfuurufú, ibi tí a lè ju bọ́ǹbù sí sì wà nílẹ̀. Nítorí náà ogun kò wá bá àlàáfíà nínú ilé. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti jọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlú ńlá ló dé lẹ́yìn. Nígbà tí Microsoft gbé ẹ̀dà ti IBM PC jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1982, agbègbè mẹ́rin ní Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn Chicago, Seattle, Los Angeles, àti New York pẹ̀lú Boston, ogun náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè yàn, wọ́n pè é ní Europe 1917. Flight Simulator II ti subLOGIC fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó kọ́kọ́ jáde fún Apple II ní 1983, ti Commodore 64 àti ti Atari sì dé ní 1984. Ẹni tó bá ti rí FS1 rí yóò dá ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ bá pàdé lọ́jọ́ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti ṣìnà kúrò nínú ètò náà, ibi tó ti ṣẹ̀ wá ni ẹ padà sí, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọjá níbẹ̀ láì mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ní ti ìjà fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́rin ni ẹ nílò. W ni a fi ń kéde ogun. Bọ́tìnnì gígùn tí a fi ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ni ìbọn. X ni a fi ń ju bọ́ǹbù. R ni a fi ń béèrè ìròyìn ogun, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ti ṣe. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ṣe é nìyí: mo máa ń kọ́kọ́ gòkè dáadáa lórí ilẹ̀ tiwa, n ó mọ ibi tí odò wà àti ibi tí òkè wà, n ó rí i pé eré bàálù dúró déédéé, kí n tó fọwọ́ kan W. Ẹni tó bá kéde ogun nígbà tí bàálù rẹ̀ ṣì ń tiraka láti gòkè, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ikú.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní ẹ̀dà 4.0 ti Microsoft, tó jáde ní 1989, wọ́n kó ogun náà pọ̀ mọ́ àwọn eré ìnàjú, níbi tí fífò tẹ̀ lé bàálù mìíràn àti fífọ́n oògùn sí oko láti ojú òfuurufú náà wà. Nígbà tó di 1998, Microsoft gbé ogun jáde ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀, Combat Flight Simulator. Ó dùn mí díẹ̀. Mo mọ̀ pé ètò tó dá dúró yóò sàn jù fún ẹni tó fẹ́ jà, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú kí ènìyàn máa fi sùúrù kọ́ bí a ṣe ń balẹ̀ nínú kùrukùru, kó sì mọ̀ pé bọ́tìnnì kan péré ló kù kí ilẹ̀ náà di pápá ogun.

Onílà-Mẹ́ta dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe ti sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi apá ti ìṣirò kún un, nítorí ó dáhùn ìbéèrè kejì yín láti ọ̀nà mìíràn: ogun kì í ná ètò irú èyí ní ohun púpọ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè ya òkè kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òkè náà wà sí imú bàálù yín: bó ti jìnnà síwájú tó, bó ti yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì tó, àti bó ti wà lókè tàbí nísàlẹ̀ tó. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n wíwá wọn ni iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ètò náà. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ 6502 tó wà nínú Apple II, àti ìbátan rẹ̀ tó wà nínú Commodore 64, kò ní àṣẹ kankan fún ìsọdipúpọ̀. Àròpọ̀, àyọkúrò àti yíyí nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ni olùkọ ètò gbọ́dọ̀ fi ṣe gbogbo ìsọdipúpọ̀ tí yíyí àwòrán bèèrè fún, bẹ́ẹ̀ eré ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan bíi mẹ́gáhááàsì kan lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ ńlá yìí bá ti parí, ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Imú bàálù ni ìbọn wà, iwájú gbọnrangandan ló sì ń yìn sí. Bí ètò bá ti mọ ibi tí bàálù ọ̀tá wà sí imú yín kó lè yà á, ohun tó kù kò ju kó wò ó bóyá nọ́ńbà ọ̀tún-òsì àti nọ́ńbà òkè-ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, tí ti iwájú kò sì jìnnà jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọta bà á. Ìfiwéra mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ti kọ apá àkọ́kọ́ tán, tó wá fi ìbọn sílẹ̀ láì fi kún un, dà bí ẹni tó gbẹ́ kànga tán tí kò fa omi. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ rí náà tún ràn án lọ́wọ́: bí ìlà ilẹ̀ bá ṣe kéré tó ni àyè tó kù fún yíyà bàálù mìíràn ṣe ń pọ̀ tó.

Àmọ́ láti inú èyí náà ni ìṣòro ẹni tó ń jà ti wá. Àwòrán díẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ yẹn lè yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá dá bàálù sí ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ kí ẹ lè yára yí tẹ̀ lé ọ̀tá, yóò wà lápá òsì yín nínú àwòrán kan, yóò sì ti wà lápá ọ̀tún nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì ní sí àwòrán kankan tó ti wà ní àárín gbùngbùn. Ẹ ó máa yìnbọn, ọta kò sì ní bà á láéláé. Ohun tó ṣe mí láǹfààní ni kí n dín yíyí kù, kí n darí imú bàálù sí ibi tí ọ̀tá ń lọ, kì í ṣe ibi tó wà, kí n sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kọjá níwájú ìbọn. Ẹ má sì gbàgbé pé yíyí kíákíá a máa jẹ eré bàálù. Ìga lẹ fi ń ra eré padà. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ tí eré rẹ̀ sì ti tán kò ní ohun tó lè fi jà mọ́.

Bọ́ǹbù ní ìṣirò tirẹ̀. Nígbà tó bá kúrò lábẹ́ bàálù, eré iwájú tó bá bàálù náà ní ló ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà kò ní bọ́ sí ìsàlẹ̀ tààrà. Láti ìga ẹsẹ̀ bàtà 500, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àbọ̀ àti díẹ̀ ni yóò lò kó tó kanlẹ̀. Bí bàálù bá ń fi nọ́ọ̀tì 100 sáré, bọ́ǹbù náà yóò ti rìn síwájú ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 940 láàárín àkókò yẹn. Láti ìga 1,000, yóò rìn tó nǹkan bí 1,330. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìga di ìlọ́po méjì ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rìn kò di ìlọ́po méjì. Ìṣirò ti ayé gidi nìyí, láì ka ìdènà afẹ́fẹ́ sí. Ẹ fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un ṣe bí bọ́ǹbù yín bá ti ń bọ́ sí níwájú tàbí lẹ́yìn ohun tí ẹ fojú sùn.

Aṣọ́-Pápá dáhùn:

Ẹ béèrè bóyá ètò mìíràn wà. Ó wà o, èyí tó sì wù mí jù ni Aviator, tí Geoff Crammond kọ fún kọ̀ǹpútà BBC Micro, tí Acornsoft gbé jáde ní 1983. Bàálù Spitfire ni ènìyàn ń wà nínú rẹ̀, ìlà lásán sì ni ilẹ̀ rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí bàálù náà ṣe ń fèsì sí ọwọ́ awakọ̀ jọ ti òtítọ́ débi pé mo lo ọjọ́ púpọ̀ láì wá ohun mìíràn ṣe ju kí n gbéra kí n sì bà. Mo rò pé ètò bàálù lásán ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé bí mo bá gba abẹ́ afárá kọjá, máàkì ni. Bí mo bá fò lọ sísàlẹ̀ láàárín ilé méjì-méjì ní ojú òpópónà ìlú kékeré tí wọ́n pè ní Acornsville, máàkì tún ni. Ìjà tún wà nínú rẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti gbogbo ètò yòókù: àwọn ẹ̀dá àjèjì tó ti òde ayé wá máa ń jẹun nínú oko, wọ́n máa ń wú bí wọ́n ti ń jẹ, bí wọ́n bá sì ti yó tán, wọ́n á kọjú sí ìlú náà. Iṣẹ́ ẹni tó wà nínú Spitfire ni láti pa wọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ yìnbọn lu ohun tó wà nílẹ̀ nínú bàálù tó ń sáré bẹ́ẹ̀, tí imú rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, tí ẹ sì tún gbọ́dọ̀ fa imú náà sókè kí ó tó pẹ́ jù. Kò sí ẹ̀kọ́ bàálù wíwà tó le ju ìyẹn lọ. Nínú èyí ni mo ti gbà pé ìjà kì í ba ètò bàálù jẹ́. Ó máa ń fi hàn bóyá bàálù inú rẹ̀ dára tàbí kò dára.

Fighter Pilot ti Digital Integration náà wà lórí kọ̀ǹpútà ZX Spectrum ní 1983 kan náà, bàálù ogun F-15 sì ni bàálù rẹ̀. Ti ìyẹn kò farasin rárá. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n tò ó sí: ìdánrawò ìbalẹ̀, ìdánrawò ìjà, ìjà gidi, bíbalẹ̀ láì ríran, afẹ́fẹ́ ìhà àti ìjì, àti ipò tí awakọ̀ náà wà. Èmi rò pé bó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Kí ẹni tó bá fẹ́ jà rí ibi tí yóò ti jà, kí ẹni tí kò fẹ́ sì máa fò lọ.

Akọ̀wé-Ètò dáhùn:

Mo gba ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a pààlà sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí «àfipamọ́» ń bọ́ lẹ́nu wa fún ohun méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó wà nínú ìwé ìtọ́ni tí a kò rí kà kì í ṣe àfipamọ́. Àfipamọ́ ni ohun tí àwọn tó kọ ètò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tí wọn kò sì sọ fún ẹni tó rà á.

Ẹ wo Excel 97. Iṣẹ́ ìṣirò ni wọ́n rà á fún, síbẹ̀ bàálù wíwà wà nínú rẹ̀. Ènìyàn yóò ṣí ìwé tuntun, yóò tẹ F5, yóò kọ X97:L97, yóò tẹ Enter, yóò tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan, yóò wá di Ctrl àti Shift mú bó ti ń tẹ àwòrán kékeré tí a fi ń ṣe àtẹ. Ojú kọ̀ǹpútà yóò yí padà, ènìyàn yóò sì bá ara rẹ̀ lójú òfuurufú lórí ilẹ̀ àjèjì kan, a ó fi eku kọ̀ǹpútà darí, títí a ó fi rí òkúta kan tí orúkọ àwọn tó kọ Excel ń yí lórí rẹ̀. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọ̀tá, ṣùgbọ́n àfipamọ́ gidi nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì tẹ gbogbo bọ́tìnnì wọ̀nyẹn tẹ̀ léra wọn. Google Earth náà ṣe irú rẹ̀ ní 2007: ẹni tó bá tẹ Ctrl, Alt àti A pọ̀ yóò bọ́ sínú bàálù ogun F-16 tàbí bàálù kékeré SR22. Ìyẹn náà kò ní ìbọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Ní ti ìjà, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọ̀kan tí kò dé ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní 1983, Gary Tarolli kọ ètò kan tí wọ́n pè ní Flight ní iléeṣẹ́ Silicon Graphics, láti fi agbára àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wọn hàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi kún un kí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè rí bàálù ara wọn láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1985 ni ìbọn wọlé, orúkọ rẹ̀ sì di Dogfight. Ibi tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá wà ló ń kéde fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó so pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ń kéde rẹ̀ léraléra débi pé bí ènìyàn mélòó kan bá ti ń jà, ọ̀nà tí iṣẹ́ gidi ń gbà kọjá a dí. Ọ̀tá tí ẹ ń bá jà kì í ṣe nọ́ńbà inú ètò mọ́. Ẹni tó jókòó ní yàrá kejì ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìjà inú ètò bàálù ti kúrò ní ohun tí a fi kún ohun mìíràn, tó sì di ohun tó tó ènìyàn fẹ́ fúnra rẹ̀.

Atúnṣe-Àtijọ́ dáhùn:

Akọ̀wé-Ètò, mo fara mọ́ ààlà tí ẹ pa, àmọ́ mo rò pé àyè kan tún wà láàárín méjèèjì. Ohun kan lè wà nínú ìwé, kó sì wà ní ibi tí ojú kì í sábà dé. Nínú Flight Simulator II, nọ́ńbà kan wà lójú ewé àtúnṣe tí a fi ń sọ bí bàálù náà ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó; bí ẹ bá dín in kù, nǹkan yóò máa bàjẹ́ nínú bàálù náà láì sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ìwé ṣàlàyé rẹ̀. Síbẹ̀ mo mọ àwọn tó fò ó fún ọdún mẹ́ta láì kàn án. Ètò Jet tí subLOGIC ṣe ní 1985, tí F-16 àti F-18 jẹ́ bàálù rẹ̀, lè ṣí díìsìkì ilẹ̀ tí wọ́n ṣe fún Flight Simulator. Ìyẹn náà wà nínú ìwé, ó sì ya àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo fi hàn wọ́n.

Olùfẹ́-Bàálù dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣe é ní alẹ́ àná, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ti lọ.

Nígbà àkọ́kọ́, mo kéde ogun kí n tó gòkè tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe ti kìlọ̀. Wọ́n já mi bọ́. Nígbà kejì, mo gòkè títí mo fi rí odò náà ní gígùn rẹ̀, mo tún fojú wo gbogbo onígun mẹ́rin tí mo ti rí nígbà ọmọdé, ó sì ṣe mí bákan láti mọ̀ pé ilẹ̀ FS1 ni mo ń wò. Mo tẹ W. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀tá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí yí kíákíá, ohun tí Onílà-Mẹ́ta sọ sì ṣẹlẹ̀ gan-an: ó wà lósì, ó wà lọ́tùn-ún, kò sí ní àárín rí. Nígbà tí mo fi sùúrù dá bàálù dúró, tí mo jẹ́ kó kọjá níwájú mi, ọta mi bà á ní ẹ̀ẹ̀kejì tí mo yìn ín.

Bọ́ǹbù ni kò gbà fún mi. Mo fò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 500, mo sì ju u sílẹ̀ ní ibi tí mo rò pé ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 940 sí ibi tí mo fojú sùn, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú márùn-ún ló bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ni. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Onílà-Mẹ́ta dáhùn:

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ń bọ́ sí, ó ṣeé ṣe kí bàálù yín má dúró gbọnrangandan nígbà tí ẹ tẹ X. Ẹ wo atọ́ka tó ń fi ìdúró ìyẹ́ hàn, kí ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ méjèèjì dọ́gba fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ẹ tó jù ú. Ẹ tún padà lọ sí ojú ewé àtúnṣe, kí ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ tí ẹ fi síbẹ̀ nígbà kan ṣì wà. Ẹ sọ ọ́ di òdo, kí ẹ sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìga kan náà. Bí ó bá bọ́ sí àárín, ẹ dá afẹ́fẹ́ padà díẹ̀díẹ̀.

Olùfẹ́-Bàálù dáhùn:

Afẹ́fẹ́ ni o. Nọ́ọ̀tì 20 ló ti wà níbẹ̀, láti ìhà ìwọ̀ oòrùn, láti ìgbà tí mo ti ń dán ìbalẹ̀ wò ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti sọ ọ́ di òdo, mẹ́ta nínú márùn-ún sì ti bà á.